Ẹrù Àgbà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé kó sì ti ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè yìí kò mọ ojú ẹnìkan. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìyá àgbà yẹn kó na ẹsẹ̀. Ó dáa. Ìkòkò wà lórí iná, kó tó jinná, ìtàn mi á ti parí. Kò gùn. Ó kàn wúwo díẹ̀ ni, torí irin wà nínú rẹ̀.

"Mamma, è un fucile."

Fikáyọ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀, ó ti ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà bí ẹni tó ṣèèṣì fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Bàtà tó fi ń gbá pallavolo, bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá, ló ń wá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó fi fa ẹrù gígùn kan jáde. Bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni wọ́n fi wé ẹrù náà, wọ́n sì fi okùn dì í. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ti ya ní ìpẹ̀kun kan, igi dídán sì yọ síta.

"Kí lo wí?" Ìbíwùmí, ìyá rẹ̀, yọ sẹ́nu ọ̀nà, ìgbákọ ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìbọn, Mamma. Ìbọn."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Fikáyọ̀. Ìlú Brescia ni wọ́n bí i sí, èdè Italia ló sì fi máa ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn, kódà bí ìyá fi Yorùbá sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí ẹ bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló pe ìbọn lọ́jọ́ náà.

Ìbíwùmí wo igi tó yọ síta, ó wo okùn, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Epo ọbẹ̀ ń kán láti ojú ìgbákọ, kò tilẹ̀ mọ̀. Kì í ṣe ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà á. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó rẹ̀ ẹ́ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, bí ẹni tó ti rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé tán, tí wọ́n wá sọ fún un pé ilé kọ́ nìyẹn.

"Chi l'ha messo qui?" Fikáyọ̀ fẹ́ mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀.

"Èmi ni," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ṣẹlẹ̀. Signor Lorenzo tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wọn ló tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Bàbá ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, ọdẹ ni, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú. Ó gbé ẹrù náà lé apá méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Ingegnere," ni ó wí, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ níbẹ̀, "jọ̀wọ́, bá mi fi èyí pamọ́ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Má tú u o."

Ìbíwùmí kò bèèrè nǹkan kan. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gbà á. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá ìyá rẹ̀ máa ń rán an níṣẹ́ káàkiri àdúgbò, kó sì tó jáde nílé, màmá yẹn á kọrin kan sí i létí:

Gbà á lọ́wọ́ àgbà,
Má bèèrè, má tú u.
Ọwọ́ méjì ni o fi gbà á,
Má bèèrè, má tú u.
Bó wúwo, bó fúyẹ́,
Má bèèrè, má tú u.

Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn tó! Bí wọ́n bá kọ irú orin bẹ́ẹ̀ sí ọmọdé létí fún ọdún mẹ́wàá, kì í jáde mọ́. Ó bá Ìbíwùmí wọ ọkọ̀ òfurufú, ó bá a dé yunifásítì ní Padova, ó bá a dé Brescia. Signor Lorenzo ńkọ́, ṣé ẹni tí èèyàn á máa bi ní ìbéèrè ni? Nígbà tí Ìbíwùmí ń gbé ọmọ jòjòló wá ilé kiri ìlú náà, tí gbogbo onílé ń sọ pé wọ́n ti gba yàrá tán, bàbá yìí ló lọ bá ẹni tó ni ilé wọn, ó ní, "Fún obìnrin yìí nílé, èmi ni mo dúró fún un." Bàbá Fikáyọ̀ ti lọ nígbà náà, ibi tó lọ kò sí nínú ìtàn wa. Signor Lorenzo ló ń mú Fikáyọ̀ bọ̀ láti iléèwé. Òun ló kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó ń dun Ìbíwùmí jù. Irin ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ máa ń fi irin ránṣẹ́ síbi iṣẹ́ wọn, ẹ̀rọ á di irin náà mú lórí àti nídìí, á máa fà á títí á fi já, òun á sì kọ agbára tó fi já sílẹ̀. Ó ti ṣe é fún ọdún mẹ́tàlá. Bó bá kàn gbé irin lé ọwọ́ lásán, ó lè sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún ọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ti sọ fún un pé kílò mẹ́ta àti díẹ̀ ni, irin lápá kan, igi lápá kejì, irin náà sì ṣófo nínú bí páìpù omi. Ó ní kí ọwọ́ òun dákẹ́. Ó rọra ti ẹrù náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àsìkò kan ṣoṣo sì wà ní gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ tí kò yẹ kó ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nílé rárá, àsìkò yẹn gan-an ló bọ́ sí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ni ó máa lọ búra ní comune, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, láti di ọmọ ilẹ̀ Italia. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò níbẹ̀, ó sì fi mẹ́rin nínú rẹ̀ retí lẹ́tà kan ṣoṣo. Ìbúra náà kò ju gbólóhùn kan lọ, pé òun á jẹ́ olóòótọ́ sí ilẹ̀ náà, òun á sì máa pa òfin rẹ̀ mọ́. Ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì. Bó bá sì ti búra tán, Fikáyọ̀ náà ti di ọmọ ilẹ̀ náà nìyẹn, torí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Fikáyọ̀ tí wọ́n bí síbẹ̀, tí kò rí Nàìjíríà rí àfi nínú fóònù, ìwé àlejò ló ṣì ń gbé kiri.

Ìbíwùmí pa iná ọbẹ̀, ó sì pe Ọlábímpé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni láti Padova, ó ti di agbẹjọ́rò ní Torino báyìí.

"Ọlábímpé, jókòó."

"Mo ti jókòó. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ìbọn ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi."

"Ìbíwùmí, aago mọ́kànlá òwúrọ̀ kọ́ lo ti ń mu wáìnì?"

Ìbíwùmí ròyìn fún un. Ọlábímpé gbọ́ ọ tán, ó mí kanlẹ̀.

"Ọwọ́ kan lo fi gbà á ni, àbí ọwọ́ méjì?"

"Ọwọ́ méjì."

"O kúnlẹ̀?"

"Mo tẹ orúnkún díẹ̀ ni."

"Ó tẹ orúnkún! Kí ni kí n wá sọ fún adájọ́ bó bá ní kí ló dé tí o kò tú u wò? Kí n ní màmá ẹ àgbà ló kọrin?"

Ọ̀rọ̀ náà pa Ìbíwùmí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì tíì tán tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Fetí sílẹ̀," ni Ọlábímpé wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Bí agbẹjọ́rò ni mo ṣe ń sọ èyí. Má gbé e jáde nílé. Má tú u. Ẹni tó ni ín ni kó pe àwọn ọlọ́pàá Carabinieri, kí wọ́n wá gbé e níbi tó wà gan-an."

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà."

"Mo gbọ́."

"Ìbúra mi ńkọ́?"

"Ìyẹn ni n kò mọ̀. Wọ́n lè dá a dúró. Wọ́n lè máà dá a dúró. Bí ọ̀rẹ́ ni mo ṣe ń sọ èyí tó kù. Jẹ́ kí bàbá wá gbé ẹrù ẹ̀ lọ. Òkè sí ìsàlẹ̀ ni. Ta ló máa rí yín? Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù, Ìbíwùmí. Ọdún mọ́kàndínlógún!"

Ìbíwùmí wọ bàtà. Ó gbé àga kan sẹ́nu ọ̀nà yàrá. "Jókòó síbí. Má fọwọ́ kàn án."

"E la partita?" ni Fikáyọ̀ bèèrè. Ó ní ìdíje ní aago mẹ́ta.

"A ó wò ó."

Kò bá Signor Lorenzo nílé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, ó mọ ibi tó wà. Àwọn ọdẹ àdúgbò ní yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń pè ní circolo, sítóòfù onígi wà níbẹ̀, orí ẹranko wà lára ògiri, obìnrin kan sì wà tó ń bu wáìnì àti kọfí fún wọn. Bàbá bíi mẹ́wàá ló yí tábìlì ká. Ìwé kan wà láàárín, bírò ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Òfin ìbọn tuntun ni wọ́n ń kọ̀wé lòdì sí. Òfin náà ní kí ẹni tó bá lé ní àádọ́rin ọdún tó ní ìbọn máa lọ rí dókítà lọ́dọọdún, kó lọ tẹ ìka ní ọ́fíìsì Carabinieri, kí àwọn náà sì máa wá sílé rẹ̀ wá ka ìbọn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹni tó ń fi ìbọn jalè, ṣé ó ń gbàwé?" Bàbá kan tó sanra, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, ló ń sọ̀rọ̀. "Kò gbàwé! Àwa tí a gbàwé, tí wọ́n mọ ilé wa, àwa ni wọ́n ń wá kanlẹ̀kùn fún."

"Torí àwa ló rọrùn láti rí," ni ẹlòmíràn wí.

"Dókítà bi mí bóyá mo máa ń sunkún," ni bàbá gíga kan wí, tó jókòó sí kọ̀rọ̀. "Ìyàwó mi kú ní oṣù kẹta. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo máa ń sunkún. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì wá gba ìbọn mi. Ṣé ó yẹ kí n purọ́ ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Signor Lorenzo ń wo inú ife rẹ̀.

Obìnrin tó ń bu wáìnì ń nu tábìlì, kò gbójú sókè. "Ọkọ àbúrò mi gbàwé," ni ó wí. "Wọ́n mọ ilé tiẹ̀ náà. Ìbọn tó gbàwé yẹn ló yìn lu àbúrò mi lẹ́sẹ̀. Kí ẹ kọ̀wé yín o, n kò bínú sí yín. N kò kàn ní fọwọ́ sí i ni."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó rí Ìbíwùmí lẹ́nu ọ̀nà, inú wọn sì dùn pé ẹnìkan wá yí ọ̀rọ̀ náà padà.

"Ingegnere! Wá fọwọ́ sí i!"

"Àlejò ni mí, ẹ̀yin bàbá. Ìfọwọ́sí mi ò wúlò."

"Títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni!" Signor Lorenzo dìde, ojú rẹ̀ ń tàn. "Ṣé ẹ gbọ́? Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ ilẹ̀ yìí ni, bíi tèmi, bíi tìrẹ!"

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Wọ́n bu wáìnì díẹ̀ sí ife fún un. Ìbíwùmí mu ún. Kò mọ bí ó ṣe dùn.

"Signor Lorenzo," ni ó wí, "ẹ jẹ́ ká lọ sílé. Fikáyọ̀ ti rí ẹrù yín."

Ojú bàbá náà ṣú. Ó wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀.

Ọ̀nà ilé ga díẹ̀, bàbá sì ti dàgbà. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ti ń dúró, ó ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n jókòó. Òkè wà níwájú wọn, yìnyín ṣì wà lórí rẹ̀.

"Lánàá ni wọ́n wá ka tèmi," ni ó wí. "Mẹ́ta ló wà nínú ìwé, mẹ́ta ni wọ́n bá. Ẹ̀kẹrin nìyẹn."

"Kí ló dé tí ẹ ò kọ ọ́ sínú ìwé?"

"Kò ní nọ́ńbà. Bàbá mi ló ṣe é." Ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìbọn ló ti ṣiṣẹ́, lókè lọ́hùn-ún. Owó tí wọ́n ń san fún un ní ọdún kan kò lè ra ọ̀kan lára àwọn tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ló bá ń mú un bọ̀ wálé díẹ̀ díẹ̀ nínú agolo oúnjẹ rẹ̀. Lónìí, ìdè kan. Lọ́la, ohun tí wọ́n fi ń fà á. Ó tó ọdún kan àti oṣù méjì. Ẹnu rẹ̀ gígùn oníhò méjì yẹn, inú ṣòkòtò ló tì í sí, ó fi ẹsẹ̀ gígan rìn jáde. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì ní, 'Pẹ̀lẹ́ o, ṣé làkúrègbé ni?' Bàbá mi ní, 'Ó burú lónìí.'"

Ìbíwùmí rẹ́rìn-ín kó tó lè mú ara rẹ̀ dúró.

"Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ pa," ni bàbá náà wí. "Òfin ò mọ ohun tí kò ní nọ́ńbà."

"Ẹ̀yin náà lẹ wá gbé e fún mi. Kí ló dé tí ẹ ò sọ ohun tó jẹ́ fún mi?"

"Bí mo bá sọ, o kò ní gbà á."

Bọ́ọ̀sì kan dúró, wọ́n ju ọwọ́ sí i pé kó máa lọ, ó lọ. Bàbá náà tún bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kó ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀.

"Wọ́n wọ yàrá tí ìyàwó mi ti ń sùn. Wọ́n ya fọ́tò kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ní kí n wá tẹ ìka. Ìka! Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Wọ́n fi tàdáwà pa ọwọ́ mi bíi ti olè. Mo jókòó sínú ọkọ̀, n kò lè wà á fún ìgbà díẹ̀. Ìwọ ò lè mọ bó ṣe máa ń rí."

Ìbíwùmí yíjú sí i. Kò bínú. Ibi tí inú ti ń bíni ti rẹ̀ ẹ́.

"Signor Lorenzo, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ rò pé èmi ti tẹ ìka ní ìlú yìí?"

"Ìwọ?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n ní ìka mi ò hàn, irin ibi iṣẹ́ ti ha á. Wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí n má ṣiṣẹ́ irin kí n tó wá. Fikáyọ̀ náà ti tẹ̀ ẹ́. Ó ń sunkún mọ́ mi lára, ó rò pé òun ṣe nǹkan kan."

"Fikáyọ̀? Wọ́n bí i síbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Bàbá náà wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo ti Ìbíwùmí. "Ọdún mẹ́rìndínlógún la fi ń gbé ilé kan náà. Ìwọ ò sọ fún mi rí."

"Ẹ ò bèèrè, bàbá. Èmi náà ò bi yín ní nǹkan kan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Wọ́n dìde, wọ́n rọra gun òkè lọ.

Fikáyọ̀ ṣì wà lórí àga, ó na ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà yàrá bí ọlọ́pàá. "Nonno," ni ó wí fún Signor Lorenzo, ìyẹn bàbá àgbà, bó ṣe ń pè é láti kékeré, "è roba tua?" Ó fẹ́ mọ̀ bóyá tiẹ̀ ni lóòótọ́.

"Tèmi ni, ọmọ mi."

"N ó gbé e sọ̀kalẹ̀," ni bàbá náà sọ fún Ìbíwùmí. "Nísinsìnyí. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélógún péré ni. Kò sẹ́nikẹ́ni lórí rẹ̀, mo ti wò ó. Lọ búra rẹ, gbàgbé pé mo wá síbí."

Ọ̀rọ̀ tí Ọlábímpé sọ gan-an nìyẹn. Ìbíwùmí wo fìríìjì, ibi tí gbólóhùn kan ṣoṣo wà. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti ń gbìyànjú láti kà á sókè láìwo ìwé. Bó bá ti dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ òfin, ahọ́n rẹ̀ á kọsẹ̀. Ó rò pé ìbẹ̀rù èdè ni.

"Rárá, bàbá," ni ó wí.

Kò sọ "rárá" fún bàbá yìí rí. Fikáyọ̀ gbójú sókè.

"Ẹ pè wọ́n. Bí ẹ ò bá pè wọ́n, èmi á pè wọ́n. Èmi àti ọmọ mi ni mo fẹ́ búra fún, n kò lè fi ẹnu kan náà gbé èyí mì."

"Wọ́n á gba mẹ́ta tó kù lọ́wọ́ mi. O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"N kò ní ṣọdẹ mọ́."

"Mo mọ̀, bàbá. Ẹ má bínú."

Bàbá náà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ó fọwọ́ kan okùn ẹrù náà. "Jẹ́ kí n tú u lẹ́ẹ̀kan. Kí o wò ó. Kí wọ́n tó gbé e lọ."

Ìbíwùmí rántí ohun tí agbẹjọ́rò sọ. Ó wo ojú bàbá náà. "Ẹ tú u. Èmi ò ní fọwọ́ kàn án."

Ó tú okùn. Ó ṣí bùláńkẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìbíwùmí ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó tẹ̀ síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bó ṣe ń wo irin níbi iṣẹ́, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, láìyára. Ó wo ibi tí wọ́n ti so ẹnu méjèèjì pọ̀. Ó wo bí wọ́n ṣe lọ̀ ọ́. Ó ní kí Fikáyọ̀ tan iná sí i, ó tún wò ó.

"Ibí yìí," ni ó wí níkẹyìn, "ó ti kọ́kọ́ ṣe é, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tú u, ó tún un ṣe. Ẹ wo ìlà yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò ní rí i. Ibi tó wù kí ó já, ibẹ̀ kọ́." Ó nà ró. "Iṣẹ́ dáadáa ni. Ẹni tó ṣe é mọ irin. N kò rí irú ẹ̀ tó pọ̀."

Bàbá náà fi ìka tọ ìlà náà. "Ọgọ́ta ọdún," ni ó wí. "Kò sẹ́ni tó mọ irin tó tíì rí i rí. Inú àjà ló wà. Bàbá mi pàápàá kò lè fi han ẹnikẹ́ni."

Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó bí ẹni bo ọmọ tó ti sùn. Ó bọ ọwọ́ sí àpò, ó yọ fóònù rẹ̀, ó mú un jìnnà sójú kó lè rí nọ́ńbà, ó sì pè wọ́n fúnra rẹ̀.

Àwọn Carabinieri ní ó di wákàtí kan àbọ̀ kí wọ́n tó dé. Kí ni wọ́n á máa ṣe? Bàbá náà kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó bèèrè ìyẹ̀fun àgbàdo, Ìbíwùmí gbé e fún un, ó gbé omi kaná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro polenta. Ẹ mọ polenta? Ọkà àgbàdo pupa ni, òun náà ni, kì í ṣe nǹkan mìíràn, àwọn ló rò pé àwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n rò. Ó ń rò ó lọ, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ fi agbára sí i," ni Ìbíwùmí wí, "ó ń dì."

"Ṣé ìwọ ló máa kọ́ mi ní polenta?"

"Màmá mi àgbà á ti gba orógùn lọ́wọ́ yín tipẹ́."

Fikáyọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ti ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun á pẹ́ díẹ̀.

Obìnrin kan ni olórí àwọn tó wá, maresciallo ni oyè rẹ̀, Giulia ni orúkọ rẹ̀. Òun náà ló wá ka ìbọn lánàá. Ẹnìkejì rẹ̀ gbé àpótí gígùn dání.

"Signor Lorenzo," ni ó wí, kò dùn mọ́ ọn nínú, "mẹ́ta ni mo kà lánàá."

"O kà á dáadáa. Ọ̀kan wà lókè níbí."

Wọ́n wò ó, wọ́n yọ ọ́ wò bóyá ọta wà nínú rẹ̀, kò sí. Wọ́n tì í sínú àpótí. Maresciallo jókòó sí tábìlì ìdáná, ó yọ ìwé. "Láti ìgbà wo ló ti wà nínú ilé yìí?"

"Láàárọ̀ yìí," ni Signor Lorenzo yára wí. "Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Mo gbé e wá láàárọ̀ yìí kí n tó pè yín. Obìnrin yìí kò mọ nǹkan kan."

Bírò ti ń lọ lórí ìwé. Ìbíwùmí rí i pé ó ń kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ méjì péré, "láàárọ̀ yìí," ìbúra rẹ̀ ì bá sì mọ́ bí omi. Fikáyọ̀ ń wo ìyá rẹ̀.

"Rárá," ni Ìbíwùmí wí. Ẹ̀ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan. "Ọjọ́ mẹ́rin ló ti lò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Bírò dúró. "Ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?"

"N kò tú u. Ṣùgbọ́n irin ni iṣẹ́ mi. Ọwọ́ mi mọ̀."

"Kí ló wá dé tí ẹ gbà á?"

"Àgbà ló gbé e fún mi. Nílé wa, a kì í tú ẹrù àgbà."

Maresciallo wò ó pẹ́. Ó wo Signor Lorenzo, tó ti kọjú sí ìkòkò. Ó fa ìlà sí ohun tó kọ́kọ́ kọ, ó sì tún un kọ. "Màmá mi àgbà ní Calabria náà nìyẹn," ni ó rọra wí. "Ó máa ń fi lẹ́tà rán wa, ẹni tó bá ṣí i, ó gbé." Ó kọ̀wé títí. "Mo ti kọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́, àti pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n pè wá. Adájọ́ ló máa wò ó. Ti ìbúra ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí lọ́wọ́ mi, n kò lè ṣèlérí fún yín. Ẹ lọ ní aago mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ní kí ẹ padà, ẹ padà. Ẹ ṣáà lọ."

"N ó lọ," ni Ìbíwùmí wí.

Maresciallo dìde, ó ní àwọn ń lọ, àwọn wà lẹ́nu iṣẹ́. Fikáyọ̀ ti gbé àwo márùn-ún sórí tábìlì. Polenta ń fẹ́ ooru, ọbẹ̀ ata pẹ̀lú adìyẹ pọ́n rẹ̀bẹ̀tẹ̀ lórí rẹ̀. Aago méjì ti lù. Ẹnìkejì rẹ̀ wo àwo, ó wo ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà wo àwo.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá," ni ó wí.

Wọ́n lo ogójì. Ata mú maresciallo, ojú rẹ̀ pọ́n, ó mu omi ife mẹ́ta, ó tún ní kí wọ́n bu sí i. Àpótí gígùn wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Signor Lorenzo á yíjú wò ó, á tún yíjú padà. Kò jẹun púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó yá, ó jẹun.

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ láti gba mẹ́ta tó kù, bàbá náà bá wọn lọ, ó di irin àtẹ̀gùn mú. Ní àtẹ̀gùn kẹta, ó bojú wẹ̀yìn. "Ingegnere. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mélòó ni kí n ti wọṣọ tán?"

"Aago mẹ́sàn-án, bàbá."

Fikáyọ̀ gbé báàgì rẹ̀, ó sáré lọ síbi ìdíje. Ilé dákẹ́. Ìbíwùmí ń fọ àwo, ó rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n àárẹ̀ ẹni tó ti sọ ẹrù kalẹ̀ ni. Ó kọjú sí fìríìjì, ó di ojú, ó sì ka gbólóhùn náà. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ahọ́n rẹ̀ kò kọsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí orin ń ti ẹnu òun jáde, bó ṣe ń fi omi ṣan ìkòkò:

Gbà á lọ́wọ́ àgbà,
Bèèrè kí o tó gbà á.
Ọwọ́ méjì ni o fi gbà á,
Bèèrè kí o tó gbà á.

Ó ní kí màmá òun àgbà dárí jì òun. Mo rò pé màmá yẹn rẹ́rìn-ín.

Báyìí ni gbogbo wọn ṣe yó lọ́jọ́ náà, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀, inú wọn sì rọ̀. Ìkòkò tiwa náà ti jinná. Ẹ gbé àwo yín wá, ọmọ kékeré lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ jẹ ẹ́ tán, kí ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ sì rọra máa lọ sílé, torí òtútù.